Kọfí Abẹ́ Igi àti Ìyá Ìsàlẹ̀ Odò

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ọ̀kà, kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí gbogbo kọfí inú oko ìyá mi á fi tanná lẹ́ẹ̀kan náà, funfun báláú, òórùn rẹ̀ á sì gbéra láti ẹ̀yìn òkè wá bá ọ lójú títì. Òórùn dídùn ni, ó fẹ́ jọ ti òdòdó ọsàn, ṣùgbọ́n ó tún wọni lára jù ú lọ. Àwọn oyin á máa kùn lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Igi ńláńlá ló ṣíji bo kọfí náà: arère, afàrà, ayùnrẹ́, àti ìrókò méjì tí apá ènìyàn mẹ́ta kò ká. Bàbá mi ló gbin kọfí sábẹ́ wọn láì gé ẹyọ kan, torí wọ́n ní ohun ọ̀gbìn tó fẹ́ràn ìbòòji, ìkà ni kí èèyàn lọ nà án sínú oòrùn. Ọ̀sán gangan ni kí o wọ ibẹ̀ kí o tó mọ ohun tí mò ń wí. Lóde, ilẹ̀ á ti gbóná débi pé ẹni tí kò wọ bàtà á máa fò sókè. Lábẹ́ igi wọ̀nyẹn, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́, ewé tó ti jábọ́ á sì máa rì lábẹ́ bàtà rẹ.

Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, bàbá mi ti ṣaláìsí, ìyá mi nìkan ló kù tó ń wo oko náà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àgbẹ̀ ní iléèwé girama kan ní Ìkàrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì máa ń wá sí Ọ̀kà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè kọfí lọ́wọ́ wa mọ́. Ó máa ń pọ́n sórí igi, ẹyẹ á jẹ díẹ̀, ìyókù á jábọ́. Òrùlé ilé wa náà ti ń jò, débi pé bí òjò bá ti ṣú, ìyá mi ti mọ ibi tí abọ́ kọ̀ọ̀kan máa dúró sí. Onígẹdú kan wá wo àwọn igi náà, ó rọra ń fọwọ́ lu ìrókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń kí àna rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá lè jẹ́ kí òun kó gbogbo wọn, òun á kan páànù tuntun sórí ilé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá mi kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Èmi ni mi ò gbà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn igi ju ìyá mi lọ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan dé ni, o sì mọ bí tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ṣe máa ń rí. Wọ́n ti kọ́ wa níbẹ̀ pé kọfí abẹ́ igi kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ajílẹ̀ tí à ń rà, torí ewé tó ń jábọ́ lé e lórí ni oúnjẹ rẹ̀. Pé ẹyẹ orí igi ló ń bá a ṣa kòkòrò jẹ, kò nílò oògùn. Pé gbòǹgbò igi ló ń di ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè mú kí àgbàrá má wọ́ ọ lọ, òun náà ló sì ń jẹ́ kí odò ní omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbẹ̀ náà ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tó ń yan kọfí tà ní Àkúrẹ́. Irú kọfí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń wá kiri. Mo sáré wá sílé, mo da gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí ìyá mi létí, láti orí ẹyẹ dé orí gbòǹgbò. Òrùlé ni wọ́n ń wò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìwé tìrẹ yìí pọ̀ lóòótọ́," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n kò lè dí ihò páànù. Ó dáa. Mo fún ọ ní ìkórè kan péré. Bí oníkọfí rẹ bá wá kó o, igi á dúró. Bí kò bá kó o, kí onígẹdú máa bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde."

Bí ọyẹ́ ṣe dé ni kọfí pọ́n, iléèwé sì wà ní ìsinmi, mo kó gbogbo ara sí i. Mo bẹ àwọn obìnrin àdúgbò kí wọ́n bá wa já a, èso pupa nìkan, kí wọ́n fi tútù sílẹ̀. Oníkọfí ti sọ pé òun fẹ́ èyí tí a bó, tí a sì fọ̀ mọ́ kí a tó sá a, nítorí náà mo lọ yá ẹ̀rọ kan tí a ń fi ọwọ́ yí, tó ń bó èèpo kọfí. Mo tún kọ pátákó kan, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, mo kàn án mọ́ igi kan lẹ́nu ọ̀nà odò: KỌFÍ ABẸ́ IGI. KÒ BA ILẸ̀ JẸ́, KÒ BA OMI JẸ́. Ìyá mi kò kàwé, wọ́n bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, mo kà á fún wọn, mo ń yan bí àkùkọ. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn."

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Nísàlẹ̀ oko wa ni odò kékeré kan ti ń ṣàn, níbẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò sì ti máa ń fọ irú láti ayébáyé. Wọ́n á se é, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí èèpo ara rẹ̀ lè ṣí, wọ́n á gbé e sínú agbọ̀n lọ sódò. Èèpo á bá omi lọ, irú á kù sínú agbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Èmi náà rò ó pé kọfí àti irú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: àwọn méjèèjì ní èèpo, àwọn méjèèjì ń yọ̀ lọ́wọ́, omi ló sì ń mú un kúrò. Mo gbé ẹ̀rọ sétí odò, mo gbé agbọ̀n kọfí sínú omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Mo gbàgbé pé irú tí obìnrin kan ń fọ̀ kì í ju agbọ̀n kan tàbí méjì lọ láàárín oṣù kan. Ti èmi, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ni, bí a ṣe ń já a lókè ni à ń bó o nísàlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kìíní, odò gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń hó yeye, ó sì ń rùn bí ògì tó kan kọjá bó ṣe yẹ. Èèpo tí omi kò lè gbé mọ́ di òkìtì létí odò, eṣinṣin bò ó. Mo rí alákàn mẹ́ta tí wọ́n gun orí òkúta, tí wọn ò fẹ́ padà sínú omi. Mo rí wọn o, ojú mi kò fọ́. Mo kàn rò pé oòrùn ni wọ́n wá yá ni.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ìyá onífùfú gòkè wá bá wa. Ọmọ Àrígìdì ni wọ́n, Ọ̀kà ni wọ́n lọ́kọ sí, ìsàlẹ̀ odò yẹn kan náà ni wọ́n sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà léwe. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ń gbé fùfú wọn lọ tà, ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á tún bèèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, abọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn, fùfú inú rẹ̀ sì pọ́n bí erùpẹ̀ ilé alámọ̀. Wọ́n kí ìyá mi dáadáa, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ dúró sábẹ́ pátákó mi.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "ẹ dákun, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí."

Mo kà á. Ohùn tíṣà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí màá fi dé "kò ba omi jẹ́", èmi fúnra mi kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́.

"Ẹ tún un kà, mi ò gbọ́."

Wọ́n gbé abọ́ náà sílẹ̀ síwájú mi, wọ́n ní gbogbo oníbàárà Ìkàrẹ́ ló dá fùfú padà, pé ó ń rùn. Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìbínú náà, ṣùgbọ́n nígbà tó gbóná tán, èdè Àrígìdì ni wọ́n bọ́ sí. Mi ò gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ kò sí èyí tí kò yé mi. Mo ń wojú ìyá mi pé kí wọ́n gbè mí. Ìyá mi mú fùfú náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, má bínú," ni wọ́n wí. "Kò ní í fọ̀ ọ́ níbẹ̀ mọ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Lọ yọ pátákó yẹn."

Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, ṣùgbọ́n omijé ló wà lójú mi lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí. Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má ba ilẹ̀ jẹ́, èmi ni mo wá ń ba omi jẹ́ lábẹ́ pátákó tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí. Èyí tí mo ti fọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí oníkọfí béèrè, ìyókù ń pọ́n lórí igi, mi ò sì lè fi omi fọ̀ ọ́ mọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń rò ó bí onígẹdú ṣe máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ oko bàbá mi. Ìyá mi jáde wá bá mi.

"Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé kọfí ń wẹ̀?" ni wọ́n bi mí. "Bàbá rẹ kò fi omi kan kọfí rí. Orí àpáta la máa ń sá a sí, tòun tèèpo, títí á fi máa dún ṣàkàṣàkà."

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Mo pe oníkọfí lórí fóònù. Ó ní òun mọ kọfí tí a sá tòun tèèpo, pé ó máa ń dùn, kò sì ń fi omi ṣòfò, òun á gbà á dípò èyí tí a fọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bí òjò bá fi lè kàn án lẹ́yìn tó ti gbẹ, á bu, òun ò sì ní í kó o. "Ẹ ṣáà má jẹ́ kó tutù, mà," ló sọ, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n tó gun àpáta lọ, mo kọ́kọ́ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Òkìtì èèpo etí odò, ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o padà sókè, agbọ̀n lẹ́yìn agbọ̀n, ìyá mi da eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, a tẹ́ ẹ sí ìdí kọfí. Títí odò fi padà mọ́, èmi ni mò ń gbé omi ẹ̀rọ lọ fún ìyá onífùfú ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀kadà. Ọmọ kíláàsì mi kan tó wá kí àwọn òbí rẹ̀ rí mi lọ́nà. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé omi lẹ wá ń tà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kó lọ máa sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́. Ìyá onífùfú ní tiwọn kò bá mi ṣeré. Wọ́n á fi ọwọ́ júwe ibi tí màá gbé kẹ́ẹ̀gì sí, wọ́n á ní "Ẹ ṣeun," ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Àpáta tí à ń sọ yìí tẹ́jú lọ rẹrẹ lókè ilé wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, funfun ni gbogbo orí rẹ̀ máa ń jẹ́ nítorí láfún àti èlùbọ́ tí àwọn obìnrin sá sí i. Mo tẹ́ àwọ̀n sórí ibi kan tó dán, tó gùn, tí kò ní èérí kankan, mo da kọfí mi lé e. Kò sẹ́ni tó sá nǹkan sí ìtòsí ibẹ̀. Inú mi dùn pé mo tètè rí àyè tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ìyá onífùfú náà wà lórí àpáta, torí wọ́n ti sọ ẹ̀gẹ́ wọn di láfún títí omi á fi padà bọ̀ sípò. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ibi tí mo tẹ́ àwọ̀n sí, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójoojúmọ́ ni ìyá mi ń gòkè lọ yí kọfí náà padà, ní òpin ọ̀sẹ̀ èmi á bá wọn ṣe é. Ó pọ́n, ó dúdú, ó súnkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣàkàṣàkà bí wọ́n ṣe wí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí oníkọfí máa dé. Sátidé ni, mo wà ní Ìkàrẹ́, mò ń bá àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ṣe àfikún ẹ̀kọ́, ìyá mi sì wà lóko. Mo yíjú sí ojú fèrèsé, mo rí i pé ọ̀nà Ọ̀kà ti dúdú. Òjò nínú ọyẹ́! Mo sọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa lọ sílé, mo bẹ́ sórí ọ̀kadà. Àkùngbá ni òjò ti pàdé wa. Kì í ṣe òjò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Ńṣe ló ń da omi bí ẹni tó ti ń bínú bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọlọ́kadà fẹ́ yà sábẹ́ ilé kan, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, igi bàbá mi ni." Kò yé e, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Nígbà tí mo fi gun àpáta dé ibi tí mo sá kọfí sí, àgbàrá ló bá mi níbẹ̀. Ibi tó dán yẹn, tó gùn, tí mo fi ń yọ̀, ojú ọ̀nà omi ni láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Àgbàrá ló fọ̀ ọ́ tó fi dán bẹ́ẹ̀. Omi pupa ń rọ́ lọ níbẹ̀, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Kò sí àwọ̀n, kò sí kọfí. Mo jókòó sínú òjò, mo sunkún bí ọmọdé. Mò ń wo ìrókò méjèèjì lọ́kàn mi, mo ń rí wọn tí wọ́n dùbúlẹ̀.

"Tíṣà! Ṣé o fẹ́ kí òjò pa ọ́ ni?"

Abẹ́ àpáta kan tó yọ síta bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Ìyá onífùfú ni. Orí àpò ni wọ́n jókòó lé, àwọ̀n mi ti di kíká sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tapólì tiwọn ni wọ́n fi bo àwọn àpò náà. Mo ti ọwọ́ bọ inú àpò kan. Kọfí mi ni, gbígbẹ táútáú, ooru oòrùn àárọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo béèrè láfún wọn. Àgbọ̀n ni wọ́n fi júwe rẹ̀. Lórí àpáta lọ́hùn-ún, láfún wọn ti di ọbẹ̀, omi funfun ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gba ọ̀nà mẹ́rin.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kó tiyín ṣáájú?"

"Ojú àgbàrá ni tìrẹ wà," ni wọ́n wí. "Ohun tó bá wà lójú àgbàrá la kọ́kọ́ ń kó. Lórí àpáta yìí, a kì í bèèrè olóhun."

Àṣà ibẹ̀ nìyẹn, gbogbo obìnrin tó ń sá nǹkan lókè mọ̀ ọ́n: ẹni tí òjò bá bá níbẹ̀, ibi tí omi máa kọ́kọ́ gbà ni yóò sáré lọ, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n, torí ìwé ni mo gbájú mọ́ nígbà tí ìyá mi ń gun àpáta. Wọ́n tún wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé, wọn ò fi pamọ́. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé ibẹ̀ kò dáa. Inú ló ń bí mi, mo ní kí ojú rẹ rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ṣú, ẹsẹ̀ mi ti ń sáré lọ síbẹ̀ kí n tó rántí pé à ń jà." Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo ń dúpẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, pé mo ti tutù tó. Ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, à ń rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi gòkè dé, tí wọ́n ń wò wá bíi pé orí wa ti yí.

Sátidé méjì gbáko ni èmi àti ìyá mi fi bá ìyá onífùfú bó ẹ̀gẹ́, tí a fi dá láfún wọn padà. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, oníkọfí ti dé lọ́jọ́ tó dá, mo sì gba àyè níléèwé wá pàdé rẹ̀. Ó bu kọfí sọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ń bi mí: ajílẹ̀ wo la lò? Oògùn wo la fín? Igi mélòó la gé? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, ọkàn mi sì mọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo ìbéèrè náà, ohun tó wọ oko ni wọ́n dá lé. Kò sí ọ̀kan tó béèrè ohun tó jáde kúrò níbẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ lé mi. Mo mú un sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá onífùfú, mo ní kó bi wọ́n bóyá iṣẹ́ kọfí wa pa wọ́n lára.

"Ó pa mí lára," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ wọn. "Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó kó gbogbo kọfí lọ láì ṣẹ́ ọ̀kan kù, ìyá mi sì ránṣẹ́ sí onígẹdú pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Yàrá tí wọ́n ń sùn la kọ́kọ́ kan páànù sí, ìyókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. A kò fi omi fọ kọfí mọ́, mo sì ti mọ ibi tí èèyàn ń sá nǹkan sí lórí àpáta. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, tí wọ́n bi mí pé báwo la ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kan kò ba ayé jẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé àgbẹ̀ kọ́ ni kí wọ́n bi. Ẹni tí omi oko rẹ̀ ń ṣàn lọ bá ló mọ̀. Ọpẹ́ ló kún inú mi nígbàkígbà tí mo bá dúró sábẹ́ ìrókò wọ̀nyẹn, torí mo mọ bó ṣe kù díẹ̀ tó. Nítorí náà, bí ìwọ náà bá gba Ọ̀kà kọjá, tí o rí àwọn igi náà tí wọ́n ṣì dúró, má ṣe kí mi kú iṣẹ́. Sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kí o lọ kí ìyá onífùfú tó ni wọ́n.